PHP: Báwo ni kí n ṣe ṣẹ́ gègé páswọ́ọ̀dù fún ọmọ ẹgbẹ́ 140?

Ọmọ_Olóṣùnta kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti Sátidé.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí ní Ìkẹ́rẹ́ ló ní kí n ṣe ojúlé kan fún àwọn, níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ti máa rí iye tó ti dá àti iye tó yá. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wọn: oníṣu, elépo, aláṣọ, ẹlẹ́lùbọ́. PHP, èdè tí a fi ń kọ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo fi kọ ọ́. Akọ̀wé fún mi ní orúkọ àwọn 140 àti nọ́ḿbà fóònù wọn, mo wá kọ lúùpù kan, ìyẹn kóòdù tó ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó forúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ń ṣe páswọ́ọ̀dù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó sì ń fi í ṣọwọ́ sí fóònù rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ìlà tó ń ṣe páswọ́ọ̀dù ọ̀hún nìyí:

`$oro = substr(md5(time()), 0, 6);`

Nípàdé, màmá kan na fóònù rẹ̀ sí mi pé kí n bá òun kà á, ojú òun ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Mi ò tíì kà á tán tí màmá tó jókòó tì í fi ní, "Tèmi lò ń kà yẹn." Mo rò pé eré ni. Ó gbé fóònù tiẹ̀ wá, a gbé méjèèjì síra wọn, lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ò yàtọ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, ẹnì kẹta ti dìde pé tòun náà rèé. Akápò ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí.

Mo délé, mo wo dátábéèsì. Èèyàn 140, páswọ́ọ̀dù 38 péré. Àwọn tí tiwọn bára mu ni orúkọ wọn tẹ̀ léra nínú fáìlì akọ̀wé. Mo ti ti ojúlé náà ná. Kí ni mo ṣe tí ò dáa, kí sì ni kí n fi rọ́pò rẹ̀? Owó tí àwọn ìyá yìí fi oòrùn àti òjò pa ló wà níbẹ̀.

Kóòdù_Basiri kọ:

Àbúrò, o ṣé tó o tètè tì í. Jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹ.

time() ò mọ̀ ju iye ìṣẹ́jú-àáyá tó ti kọjá láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970 lọ. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, iye kan náà ló máa sọ, bó o bi í lẹ́ẹ̀kan, bó o bi í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lúùpù rẹ ń forúkọ èèyàn mẹ́ta mẹ́rin sílẹ̀ kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó tẹ̀ léra fi gba ohun kan náà. Md5, tó ń sọ ohun tó o bá fún un di lẹ́tà àti nọ́ḿbà mìíràn, ò sì lè gbà ẹ́ níbẹ̀, ọlọ lásán ni. Ata kan náà tó o bá gbé sórí ọlọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ata kan náà lo máa kó kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n pé wọ́n bára mu kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù. Ká tiẹ̀ ní ẹnì kọ̀ọ̀kan gba tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó bá mọ ọjọ́ tó o forúkọ wọn sílẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ìṣẹ́jú-àáyá 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan. Á gbé gbogbo wọn sórí md5 lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán á sì parí ẹ̀ kójú tó mọ́jú kúrò. Ó tún wá burú sí i: àtẹ̀jíṣẹ́ tó o fi ránṣẹ́ gbé aago lórí. Ẹni tó bá rí i pé agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ló wọlé, ìwọ̀n ìgbìyànjú 60 tàbí ká sọ pé 120 ló kù fún un.

Ìbéèrè kan: o ní o wo dátábéèsì, o sì rí 38. Ṣé bí wọ́n ṣe rí gan-an lo ṣe kó wọn síbẹ̀ ni?

Ọmọ_Olóṣùnta kọ:

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ní màá ṣe àtúnṣe ìyẹn tó bá yá.

Kóòdù_Basiri kọ:

Kò sí tó bá yá níbẹ̀ o. A máa padà sórí ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́ kọ:

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ohun tí a máa ń lò nínú iṣẹ́ àṣeparí wa nìyí, kì í sì í bára mu:

`substr(str_shuffle('abcdefghijklmnopqrstuvwxyz0123456789'), 0, 8);`

Mo dán an wò nígbà 1,000, kò sí ìkankan tó jọra. Ṣé kò tó?

Kóòdù_Basiri kọ:

O káre tó o mú un wá, torí inú kóòdù ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti ń rí i. Kò tó. Pé nǹkan ò bára mu ò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ò lè sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì, ti èkejì là ń wá.

Ohun tó wà nínú mt_rand(), tí PHP fi ń mú nọ́ḿbà jáde bíi gègé, náà ló wà nínú str_shuffle: Mersenne Twister, tí Makoto Matsumoto àti Takuji Nishimura ṣe ní Japan lọ́dún 1997. Iṣẹ́ ìṣirò àti ìwádìí ni wọ́n ṣe é fún, ó sì ń ṣe ìyẹn dáadáa. Kì í ṣe olùpa-àṣírí-mọ́. Ẹni tó bá rí nọ́ḿbà 624 tó pé, tó tẹ̀ léra, láti ẹnu rẹ̀, ó lè ṣírò gbogbo èyí tó ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Nọ́ḿbà ìbẹ̀rẹ̀ tí PHP fi ń tì í bẹ̀rẹ̀ kò sì ju 4,294,967,296 lọ. Lójú ọmọ èèyàn, ó pọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ àárọ̀ ni. Bó o bá sì ń rò pé rand() ló sàn, láti PHP 7.1 ni rand() àti mt_rand() ti di ọ̀kan náà.

Àbùkù kejì str_shuffle: ó kàn ń da lẹ́tà rú ni, nítorí náà lẹ́tà tó bá ti jáde lẹ́ẹ̀kan ò lè jáde mọ́. Ẹni tó rí k níwájú ti mọ̀ pé kò sí k mọ́ lẹ́yìn.

Ohun tí ẹ máa lò ni random_int() àti random_bytes(). Wọ́n dé pẹ̀lú PHP 7.0 ní oṣù Kejìlá ọdún 2015. Àwọn méjèèjì kì í dá ṣírò nǹkan kan látinú aago, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń bèèrè. Lórí Linux, kẹ́nẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọkàn ẹ̀rọ ìṣiṣẹ́ náà, ló ń kó gègé jọ látinú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa random_int ni pé tí kò bá rí gègé tó dájú gbà, á dá iṣẹ́ dúró, á sì pariwo. Kò ní fún ẹ ní ayédèrú láìsọ fún ẹ.

Àrẹ̀mọ_Awo kọ:

Bàbá mi àgbà ń dífá ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tí ẹ̀gbọ́n ń sọ yìí kí n tó fojú kan kọ̀ǹpútà.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní awẹ́ mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Tí bàbá bá jù ú, awẹ́ kọ̀ọ̀kan á ṣíjú sókè tàbí kó dojú bolẹ̀. Méjì lọ́nà méjì, lọ́nà méjì, títí ó fi pé ìgbà mẹ́jọ: 256. Iye odù nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù, ẹ wo báìtì kan: bíìtì mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan 0 tàbí 1, 256. Ẹ bá mi pe random_bytes(1), ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ ti jù yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ wá wo ti time(). Ká ní babaláwo kan ò ju ọ̀pẹ̀lẹ̀, tó jẹ́ pé aago ògiri ló ń wò kó tó sọ odù tó jáde. Ẹni tó wá dáfá, tó ní aago lọ́wọ́, á ti mọ odù rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Tó bá wá jẹ́ pé ó mọ odù tó jáde fún ẹni tó ṣíwájú òun, tó sì lè fi ìyẹn ṣírò tiẹ̀, mt_rand nìyẹn. Bàbá máa ń gbọn ọwọ́, á jù ú, òun gan-an ò sì mọ èyí tó ń bọ̀.

Àǹtí_Ìfàkì kọ:

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ṣùgbọ́n àlàyé yìí ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ ohun tí báìtì jẹ́. Ẹ ṣé, bùrọ̀dá.

Ọmọ_Olóṣùnta kọ:

Ó ti ń yé mi. Mo yọ àwọn lẹ́tà tó jọra wọn kúrò, ìyẹn i kékeré, l kékeré, o kékeré, I ńlá, O ńlá, 0 àti 1. Ó ku 55: kékeré 23, ńlá 24, nọ́ḿbà mẹ́jọ. Ṣé èyí dáa?

`$oro .= $leta[ord(random_bytes(1)) % 55];`

Àrẹ̀mọ_Awo kọ:

Ó kù díẹ̀. Odù 256 lò ń pín fún èèyàn 55. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní mẹ́rin mẹ́rin, 220 nìyẹn. Ó ṣẹ́ ku 36. Ta ló máa kó o? Àwọn 36 tó wà níwájú ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ní márùn-ún, àwọn 19 ẹ̀yìn á sì ní mẹ́rin. Bó o ṣe to lẹ́tà rẹ yẹn, gbogbo lẹ́tà kékeré àti A títí dé N ńlá á máa jáde ju àwọn tó kù lọ. Kì í ṣe àbùkù tó máa tú ẹ láṣọ lónìí, ṣùgbọ́n kí ló dé tó o fi máa fi í sílẹ̀? random_int ti mọ bó ṣe ń ṣe é: tí ohun tó jù bá bọ́ sínú ìyókù, á da ìyẹn nù, á sì tún un jù.

Àǹtí_Ìfàkì kọ:

Ọ̀rọ̀ tèmi rèé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, èmi ni mo sì ń bá àwọn màmá àti bàbá tẹ páswọ́ọ̀dù láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi ń rí.

Fóònù máa ń sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ di ńlá fúnra rẹ̀. Màmá ò mọ̀, òun ṣáà tẹ k, K ló jáde, wọ́n ní páswọ́ọ̀dù rẹ̀ ò pé. Èkejì, àwọn tó ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń fi àmì ìdánudúró sí ìparí ìlà, ẹni tó ń dà á kọ á sì da àmì yẹn kọ mọ́ ọn. Mo ti rí bàbá kan tó gbìyànjú títí tí wọ́n fi ti àkáǹtì rẹ̀ pa, nítorí tóótó àmì yẹn. Ẹ̀kẹta, lẹ́tà ńlá inú àárín ọ̀rọ̀: àgbàlagbà ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń tijú láti bèèrè.

Ẹ yọ lẹ́tà ńlá kúrò pátápátá, kí ẹ sì mú un gùn díẹ̀ sí i. Ṣé ìyẹn ò ní dín agbára rẹ̀ kù?

Kóòdù_Basiri kọ:

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣírò rẹ̀ nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín. Lẹ́tà 55 tí Ọmọ_Olóṣùnta ní, ká fi ṣe páswọ́ọ̀dù oní-lẹ́tà mẹ́wàá, á fún wa ní ohun tó lé ní 253,000,000,000,000,000. Kékeré 23 pẹ̀lú nọ́ḿbà mẹ́jọ, 31 nìyẹn, ká wá fi ṣe oní-lẹ́tà méjìlá: ó lé ní 787,000,000,000,000,000. Ìlọ́po mẹ́ta, láìsí lẹ́tà ńlá kankan! Lẹ́tà méjì péré la fi kún un. Gígùn ló ń ṣiṣẹ́ níbí, kì í ṣe rúdurùdu.

Ẹ pín in sí mẹ́rin mẹ́rin nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi hàn án, bíi nọ́ḿbà káàdì báǹkì, kí ojú lè máa rí ibi sinmi.

```
function seOro() {
    $leta = 'abcdefghjkmnpqrstuvwxyz23456789';
    $oro = '';
    for ($i = 0; $i < 12; $i++) {
        $oro .= $leta[random_int(0, 30)];
    }
    return $oro;
}
```

Ẹni tó bá wà lórí PHP 8.3 ò nílò lúùpù. getBytesFromString() ti wà nínú \Random\Randomizer, ẹ fún un ní lẹ́tà yín àti iye tẹ́ ẹ fẹ́, ó tán.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́ kọ:

Mo ní èrò kan. Kí ló dé tí a ò lo ọ̀rọ̀ Èkìtì? Ulé, uná, uṣu. Ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi u bẹ̀rẹ̀, torí náà kò lè sí nínú ìwé ọ̀rọ̀ tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. Àwọn màmá á sì rántí rẹ̀ wẹ́rẹ́, èdè ẹnu wọn ni.

Kóòdù_Basiri kọ:

Ó wù mí láti gbọ́ ulé lórí kọ̀ǹpútà, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jí owó ẹgbẹ́ Ìkẹ́rẹ́? Bóyá ará Ìkẹ́rẹ́ ni, òun náà ń sọ ulé nílé. Má gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹnikẹ́ni ò mọ ọ̀rọ̀ rẹ.

Ọ̀rọ̀ dáa, tó bá jẹ́ gègé ló yàn án. Arnold Reinhold, ará Amẹ́ríkà, gbé irú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Diceware jáde ní 1995. Ọ̀rọ̀ 7,776 ló wà nínú ìwé rẹ̀. Wọ́n á ju dáìsì, irú tí a fi ń ta lúdò, lẹ́ẹ̀marùn-ún kí wọ́n tó mọ ọ̀rọ̀ kan. Ìwọ ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́. Ká ní o kó ogún jọ, tó o sì ń yan mẹ́rin nínú wọn, 160,000 péré nìyẹn. Lọ kó ẹgbẹ̀rún méje ọ̀rọ̀ Èkìtì jọ fún wa. Mo bẹ̀ ẹ́ ni o, iṣẹ́ ńlá ni, kò sì ní já sásán.

Àrẹ̀mọ_Awo kọ:

Tó bá kó o jọ, kó má fi àmì ohùn sí i. Mo ti jìyà ìyẹn rí. Lẹ́tà ẹ́ yìí, ẹ tó ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè, kò ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ḿbà. Fóònù kan lè fi ẹ ránṣẹ́, kó wá fi àmì òkè tẹ̀ lé e. Òmíràn á fi é ránṣẹ́, á wá fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Lójú, wọn ò yàtọ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan jẹ́ báìtì márùn-ún, èkejì jẹ́ mẹ́rin, password_verify(), tí PHP fi ń yẹ páswọ́ọ̀dù wò, á sì ní rárá. Ẹni tó ń kọ ojúlé fún Yorùbá tó bá fẹ́ gba àmì láyè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọ̀kan pẹ̀lú Normalizer::normalize(), nígbà ìforúkọsílẹ̀ àti nígbà ìwọlé. Bcrypt, ọlọ tí PHP fi ń lọ páswọ́ọ̀dù kó tó kó o pa mọ́, náà kì í ka ohun tó bá kọjá báìtì 72, a sì rí bí ẹ́ kan ṣe ń jẹ báìtì.

Ọmọ_Olóṣùnta kọ:

Kóòdù ẹ̀gbọ́n ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo gbé e lọ sórí sáfà, ó ní "Call to undefined function random_int()". Mo wò ó, PHP 5.6 ló wà níbẹ̀.

Kóòdù_Basiri kọ:

Wọ́n ti dá àtúnṣe ààbò 5.6 dúró láti òpin ọdún 2018. Má wá ọgbọ́n kankan dá sí i. Wọlé síbi ìṣàkóso sáfà rẹ, yan PHP tuntun jù tí wọ́n ní. Tó o bá lo mysql_query, ọ̀nà àtijọ́ láti bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, níbì kan, á kọ̀ fún ẹ, wọ́n yọ ọ́ ní 7.0. Fi PDO, ọ̀nà mìíràn tí PHP fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, rọ́pò rẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tí mo ní a máa padà sí. Má kó páswọ́ọ̀dù sínú dátábéèsì bó ṣe rí. Fi password_hash() lọ̀ ọ́, kó èyí tó lọ̀ síbẹ̀ nínú àyè oní-lẹ́tà 255, kó o sì máa fi password_verify() yẹ̀ ẹ́ wò. Ọlọ yẹn ò dà bíi md5 o: ó mọ̀ọ́mọ̀ ń lọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi iyọ̀, ìyẹn gègé kékeré kan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó lè ni ẹni tó bá fẹ́ dán gbogbo rẹ̀ wò lára. Tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ gan-an ò ní lè wo páswọ́ọ̀dù màmá kankan mọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Fún àtẹ̀jíṣẹ́, jẹ́ kí ohun tó o fi ránṣẹ́ kú lẹ́yìn wákàtí kan, kó sì fi dandan lé e pé kí ẹni náà yan tiẹ̀.

Àǹtí_Ìfàkì kọ:

Mo gbà pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ àyàfi ìparí yẹn, ẹ má bínú. Tí ẹ bá ní kí màmá yan tiẹ̀, ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀ ló máa tẹ̀, gbogbo ọjà ló sì mọ ọdún yẹn. Gègé tẹ́ ẹ fi gbogbo ọjọ́ ṣẹ́ á wọgbó. Ẹ jẹ́ kí ojúlé fún un ní èyí tó máa lò lọ, kó kọ ọ́ sínú bébà.

Kóòdù_Basiri kọ:

Àǹtí, bébà ọ̀hún ńkọ́? Ìwé àjọ ni wọ́n máa kọ ọ́ sí, ọwọ́ akápò sì ni ìwé àjọ ń gbé.

Àǹtí_Ìfàkì kọ:

Kò gbọdọ̀ jẹ́ ìwé àjọ. Bébà kékeré ni, kó dì í sétí ìró rẹ̀ níbi tó ń di owó sí. Mi ò tíì rí ẹni tó jí nǹkan kúrò létí ìró ìyá ọlọ́jà.

Kóòdù_Basiri kọ:

Mo gbà fún yín. Àmọ́ kó má gba orí àtẹ̀jíṣẹ́ kọjá. Lójú ìpàdé ni kó ti gbà á, lójú kọ̀ǹpútà.

Ọmọ_Olóṣùnta kọ:

Ẹ kú àdúrótì mi. Ìpàdé àná la ti ṣe é. Mo bẹ gbogbo wọn kọ́kọ́, mo sọ fún wọn pé àṣìṣe tèmi ni, kì í ṣe ti akọ̀wé. Mo gbé tábìlì sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ojúlé ń ṣẹ́ gègé, mo kọjú sí ògiri kí wọ́n tó dà á kọ. Ó gba wákàtí mẹ́ta.

Màmá tó ní kí n bá òun kà á lọ́jọ́sí, mo sọ lẹ́tà di ńlá gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà fún un. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó dì í sétí ìró. Nígbà tó fẹ́ wọlé lórí fóònù, ó fi ọwọ́ òsì bo ojú fóònù kí ẹnìkejì rẹ̀ má bàa rí i. Ó kọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan: ó ti tẹ àlàfo tó wà láàárín mẹ́rin mẹ́rin mọ́ ọn.

Àǹtí_Ìfàkì kọ:

Àwọn mìíràn á ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ìwọ ni kó o bá wọn yọ àlàfo kúrò kó o tó yẹ̀ ẹ́ wò, má retí pé kí wọ́n mọ̀.

Ọmọ_Olóṣùnta kọ:

Mo ti fi í síbẹ̀, mo sì sọ ohun tí wọ́n bá tẹ̀ di lẹ́tà kékeré nítorí ọ̀rọ̀ fóònù tẹ́ ẹ sọ:

`$oro = strtolower(preg_replace('/[^A-Za-z0-9]/', '', $_POST['oro']));`

Ó ń yọ àmì ìdánudúró náà kúrò. Mo fi fóònù ìyá mi dán an wò láàárọ̀ yìí, ó gbà á.